Ẹrẹ̀ Ìdí-Ògùrọ̀ àti Imú Ìyá Ẹlẹ́ní

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí Ìyá Ẹlẹ́ní, kó má bi mí. Òun alára kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sì ń wá iye ọmọ tó bí àti iye ọmọ ọmọ tó fi sílẹ̀, kó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òde-Omi. Wọ́n ti kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níbi fìdáù. Ohun tí èmi fẹ́ kọ kò sí nínú ohun tí wọ́n kà. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ojú á sì tún tì mí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí mi ò bá kọ ọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà.

Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ẹní ló ń hun, ẹní ló ń tà, ìdí nìyẹn tí gbogbo èbúté Òde-Omi fi ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́ní. Èmi tí wọ́n bí sí Òkè-Ṣópẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó jẹ́ pé ìgbà ọlidé nìkan ni mò ń fojú kan ọ̀sà, Màmá ni mò ń pè é. Òun ń pè mí ní Àbẹ̀ní. Ìjẹ̀bú etí omi ló ń sọ, pátápátá porogodo, mo sì ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ilé-ìwé níbí kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ọ. Tó bá mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀, á bínú.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sọ fún un pé kẹ́mísírì ni mo fẹ́ kọ́. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe. Mo ní òun la fi ń mọ ohun tó wà nínú nǹkan, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe ilẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ń ya ìkó tó fi ń hun ẹní lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin kì í gbóòórùn ni?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Imú ni obìnrin yẹn fi ń ṣiṣẹ́. Ẹní rẹ̀ máa ń ní ìlà dúdú tó ń dán, tí omi kì í fọ̀ kúrò, àwọn èèyàn sì ń ti Àbígí wá rà á. Kì í ṣe aró ọjà ló fi ń pa á láró. Inú ẹrẹ̀ ló máa ń ri ìkó mọ́ ní ibì kan tí à ń pè ní Ìdí-Ògùrọ̀, níbi tí ọ̀sà ti ya wọ inú igbó, tí omi ti dúró jẹ́ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìkó máa ń lò nílẹ̀, á sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹrẹ̀ ló lè ṣe é. Á fi àjẹ̀ bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ omi, á gbé e sún mọ́ imú. Tó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, inú rẹ̀ á dùn. Lẹ́yìn náà á so òrùka fàdákà rẹ̀ mọ́ okùn, á tì í bọ inú ẹrẹ̀ náà, á wá ka súrà Kúlúhù lẹ́ẹ̀mẹta láìkánjú. Tí òrùka bá ti dúdú kó tó kà á tán, ẹrẹ̀ náà dára nìyẹn. Tí kò bá dúdú, á wa ọkọ̀ síwájú.

Àwọn ahunní yòókù kì í lọ fúnra wọn. Òun ni wọ́n máa ń rán, á sì bá wọn gbé e wálé nínú ìkòkò. Ọgbọ́n wà nínú gbígbé e. Abẹ́ omi ló ti máa ń fi ewé kókò bo ẹnu ìkòkò náà, abẹ́ omi náà ló ti máa ń dè é, kò ní gbé e sókè títí tí kò fi ní sí àyè kankan tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. Nígbà kan tí mo wà ní kékeré, mo ṣí ewé náà láti yọjú wo ohun tó wà níbẹ̀. Pàá ló fi ọwọ́ gbá ọwọ́ mi. Ó ní, "Ẹrẹ̀ yìí kì í fẹ́ rí afẹ́fẹ́. Tó bá ti rí i, ó ti di ilẹ̀ lásán nìyẹn."

Ó lè jà, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín nítorí pé ó ti kú. Ìyá mi ra ẹní rọ́bà fún un nígbà kan, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú òdòdó. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò pé tí ẹní náà fi padà dé Òkè-Ṣópẹ́n nínú ọkọ̀ èrò, ó dì í pẹ̀lú okùn, ó ní kí awakọ̀ sọ fún ìyá mi pé òun kò tíì ya arọ. Oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń ṣe alárinà láàárín wọn. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, ọmọ rẹ̀ kò ní in lọ́kàn láti bú u, ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi." Bí ó ṣe rí nìyẹn. O lè ṣẹ̀ ẹ́ títí, tí o bá ti fẹnu ara rẹ sọ ọ́, ó ti tán. Ìyá mi wọkọ̀ lọ, ó kúnlẹ̀, wọ́n jọ jẹ ẹ̀bà.

Ọdún tó kẹ́yìn tí mo lò nílé-ìwé, olùkọ́ mi ní kí n ṣe pọ́jẹ́ẹ̀tì mi lórí ẹrẹ̀ ọ̀sà. Inú mi dùn bí ẹni rí owó he. Mo sọ fún Màmá pé ohun tó ń rùn nínú ẹrẹ̀ rẹ̀, imí ọjọ́ ni. Mo ní imí ọjọ́ yìí, nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn ẹyọ rẹ̀ máa ń di ara wọn lọ́wọ́ mú, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, títí dé márùn-ún, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Pọlisọ́fáídì là ń pè é. Òun ló ń mú kí omi tó wà nínú ẹrẹ̀ náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá dé ibẹ̀, ọwọ́ wọn á já, omi náà á funfun bí omi ògì, yóò wá ku ìyẹ̀fun díẹ̀ nísàlẹ̀.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Omi pípọ́n yẹn, ìtọ̀ ẹrẹ̀ làwa ń pè é." Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ní, Màmá, mi ò lè kọ ìtọ̀ ẹrẹ̀ sínú ìwé yunifásítì. Ó ní, "Kọ ohun tó wù ọ́. Kó ṣáà jẹ́ òótọ́."

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí o. Ní ọdún náà, àwọn apẹja mẹ́fà kan, Bọ̀dá Ráfíù ni olórí wọn, ń gbèrò láti máa sin ẹja nínú àgò àjọni ńlá kan tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe sínú omi. Ìdí-Ògùrọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé e sí nítorí pé ìgbì kì í dé ibẹ̀. Bọ̀dá Ráfíù ní, "Àbẹ̀ní, ìwọ tí o ń kọ́ nípa ẹrẹ̀, bá wa wo ibẹ̀ kí a tó gbé ẹja wa síbẹ̀." Mo ní kò burú, pẹ̀lú ìgbéraga. Màmá kò fẹ́ kí wọ́n gbé e síbẹ̀ rárá. Ó ní ẹrẹ̀ tó lè pa fàdákà láró, kí ni kò lè ṣe fún ẹja? Mo ní àyẹ̀wò ló máa sọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ gbé mi lọ. Òun ló fi ọwọ́ rẹ̀ bu ẹrẹ̀ kún ike ọlọ́mọrí kan fún mi, ó sì dé e lábẹ́ omi bí ó ti ń ṣe sí ìkòkò. Mo rí omi pípọ́n náà lókè ẹrẹ̀ nínú ike, ó hàn kedere. Ó fi aṣọ tútù wé e, ó ní, "Má ṣí i títí wàá fi dé iwájú ẹ̀rọ yín."

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Àbígí. A kò tíì rìn jìnnà tí obìnrin kan níwájú fi pariwo pé, "Ta ló só? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló só?" Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Aṣọ tútù tó wé e ló ń rùn, ẹrẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà yẹn mi ò ro ìyẹn. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan tí a jọ wà ní yunifásítì jókòó lẹ́yìn mi. Ọ̀kan fi imú gbóòórùn títí tó fi dé àpò mi. Ó ní, "Sístà, kí lẹ gbé?" Mo ní ẹja ìyá kan ni, ó ní kí n bá òun gbé e. Ìyá kan! Ìyá tó bí ìyá mi.

Nígbà tí a dé Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan, mo ṣí ike náà, mo da ìdajì rẹ̀ nù, mo fọ ara ike, mo gbé e sójú fèrèsé ní ṣíṣí kí òórùn náà lè lọ. Ọjọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀. Bí mo ṣe dé láàbù, omi náà ti funfun. Nígbà tó yá ó mọ́ lóló, pẹ̀lú ìyẹ̀fun díẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ṣé mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni? Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Àmọ́ ọjọ́ ti lọ, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fi iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, kí n wá padà sí Òde-Omi lọ gbé ẹrẹ̀ míì, kí n tún gbé e wọ bọ́ọ̀sì? Mo kọ ọ́ pé kò sí imí ọjọ́ níbẹ̀. Mo pe Bọ̀dá Ráfíù, mo ní omi náà mọ́, ẹ gbé e síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Màmá pè mí. Kò kí mi. Ó ní, "Àbẹ̀ní, ṣé o ò ṣí ike yẹn lójú ọ̀nà?"

Mo ní, "Mi ò ṣí i."

"Ó dá ọ lójú?"

Mo gbaná jẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ̀rọ ló sọ ọ́, kì í ṣe imú!"

Ó ní, "Imú mi kò lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n kò tíì parọ́ fún mi rí."

Wọ́n gbé àgò náà síbẹ̀. Ẹja epìyà ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ó sì ń dàgbà dáadáa. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjì kan jà tó da omi Ìdí-Ògùrọ̀ rú dé ìsàlẹ̀. Ní òwúrọ̀, imí ọjọ́ inú ẹrẹ̀ ti ru sókè, omi náà funfun bí omi ògì láti òpin kan dé èkejì. Ẹja inú ọ̀sà rí ibi sá lọ, àwọn tó wà nínú àgò kò rí ibi kankan lọ. Kò sí èyí tó yè. Mo gbọ́ ọ ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sì wọkọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó Bọ̀dá Ráfíù ń fi agbọ̀n kó ẹja tó ti wú dànù, kò sunkún, ó kàn ń kó o ni.

Wọ́n pe ìpàdé síwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Alásárì. Bàbá tó jẹ́ olórí gbogbo apẹja ìlú béèrè ẹni tó ní kí wọ́n gbé àgò síbẹ̀. Bọ̀dá Ráfíù gbójú sókè, ó wò mí. Mo fẹ́ dìde o, Ọlọ́run ló mọ̀, àmọ́ mo jókòó síbẹ̀. Màmá ló dìde. Ó ti ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ní, "Èmi ni. Àbẹ̀ní bi mí kó tó pè yín. Mo ní mo ti fi òrùka wò ó, mo ní ibẹ̀ dára. Ọmọdé gbọ́ ti àgbà, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ níbẹ̀? Ogbó ti mú imú mi. Ẹ fi orí jì mí."

Kò sí ẹni tó fọhùn. Bàbá náà wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ká, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé inú ló ń bí wọn sí i.

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì. Ó ní, "Kí lo fẹ́ sọ?" Gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi: ike, fèrèsé, bọ́ọ̀sì. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ó dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Ṣé ìyẹn nìkan ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó padà sídìí ìrẹsì rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Lọ jẹun."

Mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè, mo dúró níwájú àwọn olùkọ́, mo gbèjà iṣẹ́ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wá di tíṣà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí Òde-Omi, mo máa ń gbọ́ tí ẹnì kan ń ké sí Màmá láti inú ọkọ̀ pé, "Ìyá Ẹlẹ́ní, imú ńkọ́?" Òun náà á ní, "Ó ti fẹ̀yìn tì o!" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn máa ń gún mi lọ́kàn. Obìnrin tí gbogbo ahunní ń rán níṣẹ́, nítorí tèmi ló ṣe di ẹni yẹ̀yẹ́. Ó wá di pé mi ò fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Mo máa ń fi oúnjẹ ránṣẹ́. Mo máa ń pè é lórí fóònù, kí ọ̀rọ̀ ṣáà má pẹ́.

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tó ti ṣe àlùwàlá tán. Kó tó di ọ̀sán wọ́n ti sin ín. Níbi fìdáù, àlùfáà ní ẹni tí Ìyá bá ṣẹ̀, kó forí jì í. Gbogbo èrò dáhùn pé, "A ti forí jì í!" Ẹ̀ṣẹ̀ wo? Ẹ̀ṣẹ̀ ta ni? Mo dìde láàárín àwọn obìnrin, mo jáde, mo lọ bá Bọ̀dá Ráfíù níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Mo sọ ọ́ tán pátá láìfi nǹkan kan pamọ́: bọ́ọ̀sì, ike, fèrèsé, irọ́ tí mo pa fún Màmá lórí fóònù.

Kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Àbẹ̀ní, ta ni kò mọ̀?"

Mo ní kí ló ń sọ.

"Kí a tó gbé àgò yẹn síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá fi lọ láti ilé dé ilé. Kò sí ẹni tí kò bẹ̀. Ó dúró sínú omi níwájú ọkọ̀ mi, ó ní kí n má lọ. Àwa la ní ọmọ rẹ̀ tó kàwé ti sọ̀rọ̀, kí ìyá kúrò lọ́nà. Nígbà tó wá dìde níwájú mọ́sálásí tó ní òun ni, gbogbo wa ló wò lójú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló fẹ́ lanu?"

"Yẹ̀yẹ́ tí ẹ ń fi ṣe ńkọ́? Tí ẹ ń bi í léèrè imú?"

"Òun ló ní ká máa sọ ọ́ tí o bá wà níbẹ̀. Ó ní tí a kò bá sọ nǹkan kan, wàá fura pé a mọ̀, ojú á tì ọ́, o ò ní í wá mọ́. Òun náà la ṣì ń rán lọ kó ẹrẹ̀, Àbẹ̀ní, títí di oṣù tó kọjá."

Mo bi í pé báwo ni Màmá ṣe mọ̀ pé mo ṣí ike náà.

"Ó ní kò sí ohun tó lè pa ẹrẹ̀ Ìdí-Ògùrọ̀ lẹ́nu mọ́ ju pé kí wọ́n ṣí i. Gbogbo Iléyá ló máa ń sọ fún wa pé, 'Àbẹ̀ní ń bọ̀, ó máa sọ ọ́ lọ́dún yìí. Ẹ má bi í o. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.'"

"Iléyá tó kọjá yìí náà ńkọ́?"

Ó gbé àwọ̀n kalẹ̀ nígbà yẹn. Ó ní, "Ìyẹn, kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní, 'Tí kò bá fẹ́ sọ ọ́, kó má sọ ọ́. Kó ṣáà wá.' Ó jókòó sí èbúté títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fi dé."

Mo rántí ọjọ́ náà. Ó pè mí láàárọ̀, mo ní mo níṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́, pé n kò ní lè wá. Ọlidé ni. Mo wà nílé ní Òkè-Ṣópẹ́n, mo dùbúlẹ̀, kò sí iṣẹ́ kankan tí mò ń ṣe.